Káfíńtà Dà?

"Káfíńtà dà o?" Ohùn màmá tí ìjọba ní kí wọ́n máa bẹ àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé wò ní Ìwó nìyẹn! Ẹ̀wọ̀n ni àbúrò mi ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà, àmọ́ "ẹlẹ́wọ̀n" ni àdúgbò ń pè é. Màmá á ti máa pariwo látorí ọ̀kadà.

"Orúkọ tí mo bá pè é ni àdúgbò máa bá mi pè é," màmá ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àpótí tí àbúrò mi fọwọ́ ara rẹ̀ kàn nìkan ni màmá ń jókòó lé. Wọ́n á fìdí mì í: "Ó dúró gbọin-in!"

Ìjì àná gbé ilẹ̀kùn ìyá ọ̀kánkán wa ṣubú, ìyá tó máa ń kó àwọn ọmọ wọn wọlé tí wọ́n bá ti rí àbúrò mi. Láàárọ̀ yìí, ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa: "Káfíńtà dà o?"

Mo fò sókè! Kí n tó dáhùn, òòlù ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi.