Aṣọ Pupa Níwájú Ilé Alààyè

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kàbà pè mí kí n wá máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ètò ayẹyẹ àti ìpàtẹ. A kò ní gbọ̀ngàn, nítorí náà ìpàtẹ orí fóònù ni mo fi ń kọ́ wọn: akẹ́kọ̀ọ́ yóò ya àwòrán, yóò tò ó bí yàrá, àlejò yóò sì máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Mo máa ń sọ fún wọn pé àṣìṣe inú rẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kàdúná pàtẹ aṣọ híhun Búnú. Àwòrán ilé bàbá àgbà rẹ̀ ní Ayewá, ní ilẹ̀ Búnú, ló fi ṣe ẹnu ọ̀nà. Mo wò ó, mo rí i pé àwọn yàrá tẹ̀ léra dáadáa, mo sì fún un ní máàkì tó pọ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹkún ló gbé wọ kíláàsì.

"Mà, wọ́n ní bàbá àgbà mi ti kú. Fóònù bàbá kò sì wọlé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní èmi ni."

Mo tún ìpàtẹ náà ṣí. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí àwọn Búnú máa ń so kọ́ iwájú ilé nígbà tí àgbà olóyè bá kú, ló fi ṣe iwájú ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́ nínú àwòrán. Ó ní ó rẹwà lójú òun ni. Òun kò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀, mo wò ó, n kò rí i.

A wọkọ̀ lọ sí Ayewá lójú ẹsẹ̀. Bàbá jókòó síwájú ilé, ó ń jẹ iṣu sísun.

"Òkun o, bàbá," mo kúnlẹ̀, mo kí i bí wọ́n ṣe ń kíra níbẹ̀.

"Òkun. Èwo nínú yín ló pa mí?"

Ọmọ náà dojú bolẹ̀. "Èmi ni, bàbá. Ẹ má bínú."

Bàbá kọjú sí mi. "Tíṣà, ìwọ kò wò ó?"

"Mo wò ó, bàbá."

"O wò ó." Ó jẹ iṣu díẹ̀ sí i. "Aládùúgbò mi ní àbúrò mi obìnrin ti gbéra láti Mọ̀pà, ó ń bọ̀ wá sin mí. Ẹ ya fọ́tò mi, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn."

Ó dìde, ó dé fìlà. Ọmọ náà gbé fóònù sókè. Fọ́tò méjì ló bàjẹ́. Kí ó tó ya ẹ̀kẹta, ọ̀kadà kan dúró, ìyá arúgbó kan sì bọ́ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún. Ó rí bàbá. Ẹkún dá lẹ́nu rẹ̀, ó sì jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Dìde," bàbá ní, "wá dúró tì mí. Wọn ò ní gbà tí mo bá dá dúró; wọ́n á ní fọ́tò àtijọ́ ni."