Adágún Iwájú Ilé Màmá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń purọ́ fún àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ẹ wá bi mí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe é, ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nínú fúláàtì kan ní Goresbrook, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Màmá tí mò ń tọ́jú wá láti abúlé kékeré kan ní Bangladesh. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ lọ́jà la sì jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò kúrò lẹ́bàá adágún omi iwájú ilé wọn. Ọkọ rẹ̀ olóògbé ló fi bíríkì ṣe àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú omi náà, kí ìyàwó òun má baà yọ̀ ṣubú. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ á fi fídíò pè wá lórí fóònù, á gbé e yí àgbàlá ká. Ohun tí mo bá rí ni mo máa ń sọ fún Màmá.

Lọ́jọ́ kan, iyanrìn ni mo rí níbi tí omi wà. Wọ́n ti dí adágún pa, wọ́n ti ń mọ ilé sórí rẹ̀. Kí n tó lanu, ọmọkùnrin Màmá ti fà mí wọ kíṣìnì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un. Torí kó lè padà lọ wẹ̀ níbẹ̀ ló ṣe ń jẹun." Ó ní òun ti bẹ àbúrò bàbá òun náà pé kó má sọ. Ó fi kún un pé bí ìyá òun bá ṣàìsàn nítorí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn á ní kí ilé iṣẹ́ mi mú ẹlòmíì wá.

Ilé iṣẹ́ yẹn ni ìwé ìgbélùú mi so mọ́. Mo sọ ọ́ fún arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní, "My sister, mind yourself o. Visa ẹ ni kó o rò." Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Inú bí mi sí ọmọkùnrin yẹn, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ni mo bá ń sọ fún Màmá pé omi kún dáadáa, pé àwọn ọmọbìnrin ń pọn ọ́n, pé pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta ń lúwẹ̀ẹ́. Á máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn, Màmá ní kí àbúrò ọkọ òun lọ ṣan ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, òun fẹ́ gbọ́ ìró omi. Bàbá àgbà náà wò mí lójú fóònù bí ẹni tó jí ẹran. Ó gbé bùtá tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó rọra da omi sẹ́sẹ̀.

Màmá di ọwọ́ mi mú. "Bùtá nìyẹn."

Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ láti kékeré, ta ló fẹ́ fi ìyẹn tàn án? Ó ní kí n pa fóònù. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ìwé ìgbélùú. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ó ní, "Omi tí o wá ń sọ fún mi látọjọ́ yìí ńkọ́? Ti ibo ni?"

Mo ní odò abúlé ìyá mi ni, nítòsí Ìjẹ̀bú, tí n kò tíì fojú kàn láti ọdún mẹ́ta.

"Ṣé omi ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní, "N kò mọ̀, Màmá."