Nígbà tí Mùsù Sọ Wá Di Àna

Mo rántí ìgbà tí òórùn ẹja yíyan máa ń jí mi láràárọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kì í ṣe èmi ni mo ń yan ẹja o. Ìyá Ẹlẹ́ja ni, tí ilé wọn fara ti tiwa ní Ẹdẹ, lójú ọ̀nà tó lọ sí Alájùẹ. Ìdájí ni wọ́n máa ń dáná sí ààrò wọn, èéfín á gba orí ògiri tó wà láàrin wa kọjá, á wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ àwọn oníbàárà. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀mù iṣẹ́ télọ̀ ni, mo ní ẹ̀rọ tuntun, mo ní fóònù tí àwọn èèyàn ń fi àwòrán àrà aṣọ ránṣẹ́ sí, mo sì rò pé kò sí ohun tó kù tí mi ò mọ̀ láyé.

Èkúté ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé ó kù. Èkúté ilé wa kì í ṣe irú èyí tó ń sá fún èèyàn. Wọ́n jẹ léèsì ọmọbìnrin kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti dé tán, wọ́n jẹ ẹ́ láti etí dé àárín, ọmọbìnrin náà sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń sunkún bí ẹni tí ọkọ àfẹ́sọ́nà kọ̀ sílẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rin gbogbo ọjà kí n tó rí aṣọ tó jọ ọ́. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, wọ́n gbéra láti Ara, wọ́n ru agbọ̀n kan tí wọ́n fi àpò bò lórí wá. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ láàrin ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní, "Bí ológbò bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Èyí kò ní re ibì kankan." Ológbò dúdú kan tó ní funfun láyà ló yọrí jáde, ó na ara rẹ̀, ó sì wo gbogbo wa bí ẹni pé àwa la wá ṣe àlejò rẹ̀.

Ìyá mi kì í sábà ṣìnà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣìnà lọ́jọ́ náà. Àjò gan-an ni iṣẹ́ Mùsù, orúkọ tí a sọ ológbò náà. Lóòótọ́, kò pẹ́ tí àwọn èkúté fi kó ẹrù wọn kúrò nílé wa. Àmọ́ bí oòrùn bá ti gòkè, Mùsù á fo orí ògiri, á jókòó síbẹ̀, á kọjú sí ààrò Ìyá Ẹlẹ́ja, á sì di ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Lọ́jọ́ kan, mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ bùbá kan, ni mo gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó! Ìyàwó o! Wá wo nǹkan tí ọmọ rẹ fi ojú mi rí!"

Ìyá Ẹlẹ́ja ni. Obìnrin gíga ni wọ́n, ohùn wọn sì tó ìlú ú jí. Ìrù ẹja àrọ̀ kan ló kù lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni mo wí, "ṣé ẹ rí i lẹ́nu ẹ̀ ni?"

"Ṣé ẹja ti ń hu ìyẹ́ ni, tó fi fò kúrò lórí ààrò mi?"

"Ó lè jẹ́ ológbò Alàájì, mà. Ìyẹn náà ń rìn káàkiri."

Alàájì ni bàbá onípákó tí ilé wọn wà lẹ́yìn tiwa. Wọ́n ní akọ ológbò ńlá kan, abilà, tí etí rẹ̀ kan ti ya níbi ìjà, tó máa ń rìn lórí ògiri gbogbo àdúgbò bí onílé tó ń bẹ àwọn ayálégbé rẹ̀ wò. Ìyá Ẹlẹ́ja wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹnu rẹ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ lọ," wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Bí ìjà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Mùsù bá gun ògiri, wọ́n á da omi sí i. Bí omi bá bà á, èmi náà á máa bá ẹ̀rọ ìránṣọ mi sọ̀rọ̀ sókè, pé, "Ìwọ ẹ̀rọ yìí, ṣé o mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọn kò ní àánú ẹran lójú?" Ìyá Ẹlẹ́ja náà kò gbẹ́yìn. Ewúrẹ́ wọn ni wọ́n á kọjú sí: "Ìwọ ewúrẹ́ tí wọn ò kọ́ nílé yìí, tó jẹ́ pé àná lo dé àdúgbò, ìwọ lo wá ń fẹnu gún àgbà!" Mo mọ̀ dájú pé èmi ni ewúrẹ́ náà. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn ìjà ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Àwọn mìíràn tí aṣọ wọn ti parí á tún jókòó, wọ́n á ní àwọn ń sinmi ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò pa ọkọ mi lẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹ̀yìn Ìyá Ẹlẹ́ja ló sì gbé dàgbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láìkúnlẹ̀, ó pè mí sínú yàrá. Kò pariwo. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ bá gbogbo Ẹdẹ jà, mo wà lẹ́yìn rẹ. Ṣùgbọ́n má bá ìyá mi jà." Ó ní kí n dá ológbò náà padà sí Ara. Mo bi í ta ni yóò máa pa èkúté. Oorun ọ̀sán tí mo máa ń sùn, n kò rí i sùn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹja ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ ilé mi.

Ọkọ mi bá kó èmi àti Ìyá Ẹlẹ́ja lọ bá Alàájì lẹ́yìn ìrun Àlásárì. Alàájì gbọ́ tẹnu mi, wọ́n gbọ́ ti Ìyá Ẹlẹ́ja, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kí a lè mọ̀ pé àwọn ń fara balẹ̀. Wọ́n ní ológbò kì í ṣe ẹran tí èèyàn ń ṣe níkà, pé Ànábì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní kí Ìyá Ẹlẹ́ja máa fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹja, kí èmi sì máa fún Mùsù lóńjẹ yó kó tó di ọ̀sán. "Ahọ́n àti eyín ń jà," ni wọ́n wí, "wọn ò sì kó kúrò lẹ́nu." A dúpẹ́, a dìde, a gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí ilé tó fara kan ara.

Kò pẹ́ sí i ni Mùsù di àwátì. Mo wò ó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wò ó lórí àjà, mo pè é títí ohùn mi há. Mo dúró di ọjọ́ kejì. Nígbà tí n kò rí i, inú mi sọ fún mi pé wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Mo so gèlè mọ́ ìdí gírígírí, mo gba ẹnu ọ̀nà Ìyá Ẹlẹ́ja wọlé láìkàgò. Mo ti to èébú jọ lẹ́nu bí ẹni to igi. Mo ṣí aṣọ ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo ya ẹnu.

"Ṣììì!" Ìka wọn wà lẹ́nu wọn. "Rọra, ìyàwó. Abiyamọ ń sinmi."

Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí aṣọ wọn. Ìdérí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Lórí aṣọ òfì tó dára jù tí wọ́n ní, Mùsù dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké tí ojú wọn kò tíì là sì ń fa ọmú rẹ̀. Abọ́ kan wà níbẹ̀, ẹja ló kún inú rẹ̀, ẹja tí wọ́n ti yọ eegun kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àná ló wọlé," ni wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó kàn ń wò mí lójú. Mo fẹ́ lé e, mo wá rí ikùn rẹ̀. Gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò yìí, ọ̀dọ̀ tèmi ló wá!"

Gbogbo èébú tí mo tò jọ fọ́n ká. Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mo kúnlẹ̀ láti wo àwọn ọmọ ni tàbí mo kúnlẹ̀ láti kí wọn, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tiwọn ti lọ sí Ìbàdàn àti Èkó látọjọ́ tó pẹ́, wọ́n ní igbe ọmọ tuntun ti jìnnà sí ilé àwọn.

Ẹ máà rò pé ìjà parí síbẹ̀ o. Nígbà tí ojú àwọn ọmọ náà là tán, mo ní mo fẹ́ kó wọn lọ sílé. Ìyá Ẹlẹ́ja fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ilé ta ni wọ́n bí wọn sí?"

"Ta ló ni ìyá wọn, mà?"

"Ta ló ni òfì tí wọ́n bí wọn lé? Ta ló ń bọ́ abiyamọ?"

Obìnrin tó ti ń da omi lé ológbò lórí ni kò fẹ́ kí n gbé ọ̀kan ṣoṣo. A wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí Alàájì wọlé. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo inú àpótí, wọ́n rí ọmọ kan, abilà bí ẹni fín in. Wọ́n dìde, wọ́n tún fìlà wọn dé.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ń pín ọmọ-ọmọ mi láìpè mí?"

Ìyá Ẹlẹ́ja fà mí lápá, wọ́n mú mi jókòó ti ara wọn lórí ẹní. "Alàájì, ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé ìyàwó nìyẹn? Ọmọ yín wá sílé wa, ó fún ọmọ wa lóyún, ẹ ò tọrọ, ẹ ò ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́! Ìyàwó, ṣé a máa gbà?"

"A ò ní gbà, mà!" ni mo wí.

Alàájì lọ sílé. A rò pé wọ́n bínú. Wọ́n padà dé pẹ̀lú agbádá ńlá lọ́rùn, oyin àti dàbínù lọ́wọ́, àwọn tó ń la pákó lọ́dọ̀ wọn sì tẹ̀ lé wọn. Bàbá tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ kí, wọ́n ká agbádá sókè, wọ́n fọwọ́ kanlẹ̀ níwájú ẹní wa, wọ́n ní, "Ẹbí ìyàwó, ẹ jọ̀wọ́, òdòdó kan la rí lágbàlá yín." Ẹ̀rín gba ilé. Ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé fara ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi, wọ́n ní kí n má tètè rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa rò pé ọmọ wa kò níyì lọ́wọ́ wa. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé a ti di ẹbí kan náà, èmi àti ẹni tí mo so gèlè mọ́dìí láti bá jà.

Abilà bá Alàájì lọ. Ọ̀kan dúró ti Ìyá Ẹlẹ́ja, àwọn ìyókù lọ sí oko àwọn tó ń kó àgbàdo pamọ́. Ní ti Mùsù, ilé méjèèjì ló ń gbé. Tiwa ló ti ń ṣiṣẹ́, tiwọn ló ti ń jẹun, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè mọ́.

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míìn. Mo máa ń rò ó báyìí pé ká ní mo rí Mùsù lórí bẹ́ẹ̀dì ara mi lọ́jọ́ náà, bóyá ìjà náà ì bá wà síbẹ̀ títí di òní, nítorí n kò ní ìdí kankan láti wọ yàrá Ìyá Ẹlẹ́ja. Àgbà ti dé sí wọn, wọn kì í yan ẹja mọ́, èmi ni mo sì ń rán gbogbo aṣọ tí wọ́n ń wọ̀. Alàájì kò pe orúkọ mi mọ́ láti ìgbà náà. "Àna wa" ni wọ́n ń pè mí, lójú ọ̀nà, lọ́jà, lójú gbogbo èèyàn. Nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, ọmọ wọn gbé ẹran wá, ó ní bàbá ní kí òun gbé e fún àna. Oníbàárà tuntun kan wà lọ́dọ̀ mi, ó bi mí pé èwo nínú àwọn àbúrò mi ló fẹ́ ọmọ Alàájì.

Mo wo ẹran náà, ó pọ̀, itan ló sì jẹ́. Mo ní ọmọ wa kan ni, ó ti pẹ́. Obìnrin náà ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé wọn tòrò.

Mo ní àmín.