Mànàmáná Inú Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé ìyá mi kúrò nídìí Oúnjẹ Olúwa lọ sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá fún un. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsẹ́yìn láyé ìgbà náà, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni ẹni tó bá dẹ́ṣẹ̀ ń jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ewúrẹ́ ti máa ń yọjú wá wo ìsìn. Ìyá mi kò jalè, kò mutí, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àrá ló sán.

Ọjọ́ ìpàdé àwọn obìnrin ni, òjò ń rọ̀. Mànàmáná kọ yẹ̀rì, àrá sì sán bí ẹni pé ó fẹ́ ká páànù kúrò lórí wa. Kí ìyá mi tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ké pé, "Káwòó o!" Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ ẹni tí wọ́n ń ké igbe yẹn sí. Ilé oníṣàngó ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ìgbà tó délé bàbá mi, tó ti dolóògbé, ló tó di onígbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí eyín tó hù níbẹ̀.

Olórí àwọn alàgbà ìjọ wa gbọ́. Bàbá yìí mọ Bíbélì ju bí èmi ṣe mọ ojú ọ̀nà ilé wa lọ, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ tó kéré lójú rẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ tirẹ̀. Òun ló dá òfin bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn sílẹ̀. Wọ́n pe ìyá mi sí ìpàdé.

Ìyá mi ní, "Bàbá, ṣé Ọlọ́run kì í ṣe Kábíyèsí ni? Ọba ni mo kí."

Alàgbà ní, "Kábíyèsí ò burú, Ìyá Tíṣà. Ṣùgbọ́n Káwòó lẹ wí. Kò sí Káwòó nínú Bíbélì. Mo ti wá a."

Èmi ni Tíṣà náà. Ilé-ìwé ìjọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Alàgbà sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba tíṣà tó sì ń lé tíṣà. Mo wolẹ̀. Nígbà tí à ń lọ sílé, ìyá mi ní kí n má banú jẹ́. "Mo ké e, mo sì mọ̀ pé mo ké e," ló wí. "Àfi ti ìkórè nìkan ló ń dùn mí." Ọjọ́ ìkórè ni pásítọ̀ ń ti Ọ̀yọ́ wá fún wa ní Oúnjẹ Olúwa, ọjọ́ náà yóò sì bọ́ sáàárín oṣù mẹ́ta yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un, kò pa á jẹ rí.

Ọdún yẹn náà ni Ọlọ́run, ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ga ju ọ̀nà wa lọ, fi kámẹ́rà kan sí mi lọ́wọ́. Agùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò ló parí ọdún rẹ̀, ó sì fi kámẹ́rà rẹ̀ ta mí lọ́rẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ló kọ́ mi ní gbogbo iṣẹ́ náà, mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí Èkó sì ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ohun mẹ́ta péré ni: kí n mọ bí ẹni tí mo fẹ́ yà ṣe jìnnà sí mi tó, kí n mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọlé, kí n sì mọ ìgbà tí mo nílò filáàṣì. Ó ní ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ohun gbogbo. Mọ́tò gbé e lọ, èmi sì kù pẹ̀lú ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta.

Ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Mo kó ẹgbẹ́ akọrin síta ní ọ̀sán gangan, gbogbo wọn nínú ẹ̀wù funfun. Abẹ́rẹ́ kékeré kan wà nínú kámẹ́rà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà rí ẹ̀wù, ó rò pé gbogbo ayé ló funfun bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí n dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kù. Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò náà ní Ìbàdàn tí wọ́n sì gbé e dé, ẹ̀wù mẹ́rìnlá ló tò síbẹ̀ rẹ́gírẹ́gí, kò sí ẹni tó wọ̀ wọ́n. Ojú gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò.

Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Èmi rèé! Mo mọ bọ́tìnnì mi." Èkejì ní, "Irọ́ ni, ìwọ kì í dúró ṣánṣán báyẹn." Olórí wọn gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi Tíṣà sílẹ̀. Ènìyàn ló ń wo ojú, Olúwa ń wo ọkàn."

Láti ọjọ́ náà, mo kọ́ láti gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú ènìyàn gan-an kí n tó wo abẹ́rẹ́, kí ó lè mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni wá. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú àwọn ènìyàn kò dùn sí i. Obìnrin kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé fọ́tò lẹ fẹ́ yà ni, àbí ẹ fẹ́ gbóòórùn ohun tí mo jẹ?"

Ti jíjìnnà ló wá le jù. Òrùka kan wà lẹ́nu kámẹ́rà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, bí o bá yí i sí nọ́ńbà tí kò tọ́, ojú ènìyàn yóò dà bí ẹni tó wà nínú èéfín. Ojú mi kò mọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ yàtọ̀ sí méjìlá. Ṣùgbọ́n ahunṣọ òfì ni àwọn ará ilé kejì wa, òwú wọn sì máa ń na gbalaja káàkiri àgbàlá. Mo tọrọ òwú kan, mo ta kókó sí i ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, mẹ́jọ àti méjìlá. Mo so etí kan mọ́ ọrùn kámẹ́rà. Ẹni tí mo bá fẹ́ yà yóò fi ọ̀kan nínú àwọn kókó náà kan ṣóńṣó imú, èmi yóò yí òrùka sí nọ́ńbà kókó náà, yóò jọ̀wọ́ òwú, èmi yóò sì yà á. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni.

Àwọn ènìyàn wo òwú náà, wọ́n sì lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ju bí èmi ṣe lóye rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọ̀nà tí àwòrán ń gbà kọjá sínú kámẹ́rà nìyẹn. Bí mo bá ní kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ ní sùúrù, Tíṣà, ẹsẹ̀ mi ò tíì kọjá!" Ìyá arúgbó kan tí fọ́tò rẹ̀ mọ sí orúnkún wá bá mi nílé, ó ní èmi ni mo kánjú, mo fa òwú kí ìyókù òun tó dé.

Filáàṣì nìkan ni n kò tíì fọwọ́ kàn. Bátìrì rẹ̀ kò sí ní Ìsẹ́yìn, àfi ìgbà tí ẹnìkan bá mi rà á bọ̀ láti Ṣakí, lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà gba ẹnubodè. Ọ̀sẹ̀ tí bátìrì dé ni Alàgbà ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fẹ́ fi í jẹ Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ ìkórè, àwòrán rẹ̀ yóò sì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì títí Jésù yóò fi dé. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti fẹ́ ya fọ́tò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, pẹ̀lú Bíbélì. Fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wa kéré, inú rẹ̀ sì máa ń ṣú lọ́sàn-án gangan. Mo so filáàṣì mọ́ kámẹ́rà.

Àwa mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Alàgbà, èmi, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, arúgbó kan tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni láyé, tó wá bá a tún agbádá ṣe. Alàgbà dúró gbọnyin. Mo gbé òwú fún un, ó fi kókó kan imú.

Mo ní, "Ẹ lè jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, sà."

Ó ní, "Mi ò jọ̀wọ́ ẹ̀. Mo gbọ́ pé o máa ń yára fà á."

Mo tẹ kámẹ́rà. Filáàṣì kọ yẹ̀rì nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ògiri funfun báláú. Alàgbà ju òwú nù, ó fò sẹ́yìn, ó sì ké pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un pé:

"Káwòó o!"

Òrùlé gbà á, ó dá a padà fún wa.  Alàgbà wò mí, èmi náà ń wo bàtà mi.

Ó ní, "Mo ní ká wò ó."

Mo ní, "Sà?"

"Fọ́tò náà. Mo ní ká wò ó. Ṣé a ò ní wò ó ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìborùn nu ojú. Ẹ̀rín ló ń pa á. Ó ní, "Àbúrò mi, ká wò ó náà ni bàbá wa máa ń wí nígbà òjò."

Alàgbà ní kí n yà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo dúró kí agbára bátìrì tún kún inú filáàṣì. Ohùn tín-ín-rín kan máa ń jáde nínú rẹ̀ bó bá ń kún, bíi ti ẹ̀fọn. Alàgbà gbọ́ ohùn náà. Mo rí òógùn lórí imú rẹ̀. Ohùn náà ń ga sí i, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká díẹ̀díẹ̀. Lóòótọ́ ni mo sọ fún yín, ó ti wí i kí mànàmáná tó kọ.

Fọ́tò méjèèjì ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ tó ṣáájú ìkórè. Pásítọ̀ ti dé láti Ọ̀yọ́, àwọn alàgbà sì wà ní ìpàdé. Nínú ti àkọ́kọ́, òwú dábùú imú Alàgbà, ojú rẹ̀ sì pa dé bí ẹni tó ń sùn. Kò ṣeé gbé kọ́ ibi kankan. Ti èkejì ni fọ́tò tó dára jù lọ tí mo yà láyé mi. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pé, ó mọ́ débi pé ènìyàn lè ka irùngbọ̀n rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ẹnu rẹ̀ sì ká roboto bí ẹnu ìgò.

Pásítọ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ó ní, "Ó mà dára o! Orin ni Bàbá ń kọ ni?"

Alàgbà ní, "Halelúyà ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò pè wá, sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Halelúyà kì í ká ẹnu báyẹn. Ẹ wí i, kí gbogbo yín wí i, ká wo ẹnu yín."

Àwọn alàgbà mẹ́fà la ẹnu, wọ́n ní "Halelúyà." Kò sí ẹnu tó ká.

Pásítọ̀ yíjú sí mi. "Tíṣà, ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí ni Bàbá ń wí?"

Mo ronú kan iṣẹ́ mi, mo ronú kan ìyá mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ ronú kàn. Mo ní, "Bàbá ní ká wò ó làwọn wí, sà."

 Pásítọ̀ ṣí ìwé ìpàdé tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Káwòó. Obìnrin kan wà níbí tí ẹ fi sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nítorí ọ̀rọ̀ yìí."

Alàgbà wú ikọ́. Ó ní òun gan-an ti ń ro ọ̀ràn náà láti ọjọ́ díẹ̀. Ó ní òrùlé ń jò lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí Ìyá Tíṣà máa wí pé ká wò ó, ká wo ibi tó ń jò. Gbogbo àwọn alàgbà mi orí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń jò púpọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá mi.

Pásítọ̀ ní, "Ìyá, wọ́n ní ká wò ó lẹ wí lọ́jọ́ náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyá mi wò wọ́n. Ọ̀nà ti là gbàgà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí ó gbà. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Rárá, sà. Káwòó ni mo wí. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹnu mi sì sáré ju ọkàn mi lọ. N kò lè purọ́ lónìí kí n jẹ Ara Olúwa lọ́la."

 Ẹ̀gbọ́n Alàgbà ní, "Ó ku ìwọ, àbúrò mi."

Alàgbà mú fọ́tò náà sọ́wọ́. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ẹ̀rù ló ba èmi náà," ló wí. Ó tún wo fọ́tò. "Lẹ́ẹ̀mejì."

Pásítọ̀ pa ìwé ìpàdé dé. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, mò ń retí yín nídìí tábìlì lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì ìyá mi jókòó síwájú, ó jẹ, ó mu, omijé sì ń dà lójú mi. Ọpẹ́ ni fún Olúwa, ẹni tó lè fi bátìrì ẹnubodè gbèjà opó.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ìjọ tuntun pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kí n ya òun níta, nínú oòrùn, láìsí mànàmáná, kí a lè fi ìyẹn pààrọ̀ ẹlẹ́nu roboto tí wọ́n gbé kọ́ ògiri láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi ló bá a di òwú náà mọ́ imú. Ó ní, "Ẹ má tíì jọ̀wọ́ ẹ̀ o, Bàbá. Agbádá yín pọ̀, kò tíì kọjá tán." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì dì í mú.

Mo tẹ kámẹ́rà. Fíìmù ti tán nínú rẹ̀ láti àná, mo sì mọ̀. Mo ti jẹ́wọ́ ìyẹn fún Ọlọ́run lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n n kò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ìjọ. Ẹlẹ́nu roboto náà ló ṣì wà lára ògiri. Bí àlejò bá béèrè ohun tó ń wí, a máa ń ní ká wò ó ni.