Bọ́tìnnì Tó Ní Òun Ti Gbọ́

Fagilé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí òun ló kọ kóòdù tó ń fagi lé owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí èèyàn bá fi káàdì san. Iṣẹ́ ọ̀hún ò le. Bí oníbàárà bá sanwó, báńkì á kọ́kọ́ di owó náà mú. Bí kóòdù bá ránṣẹ́ ìfagilé sí báńkì kí ilé iṣẹ́ tó kó o, báńkì á tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó o, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á padà á fara balẹ̀ dúró.

Ọ̀gá ò fẹ́ ìfagilé. Ó ní, "Jẹ́ kí bọ́tìnnì ìfagilé yẹn máa dá àwọn oníbàárà lóhùn, àmọ́ kó má ṣe nǹkan kan." Fagilé rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á rí "A ti gbọ́," ṣùgbọ́n kóòdù ò ní ránṣẹ́ sí báńkì rárá, títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń kó gbogbo owó. Ìkà pọ́ńbélé ni. Ọ̀gá fi kún owó oṣù rẹ̀.

Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀. Gbogbo wọn á ju fóònù sínú apẹ̀rẹ̀ ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n bá sì jẹun ọ̀sán Ẹtì tán, Fagilé á dìde, á máa fi ohùn arúgbó ka ẹ̀sùn àwọn oníbàárà. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ló ń hàn níbẹ̀, orúkọ kì í hàn.

"'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi,'" ó kà á. "'Mo fẹ́ wọkọ̀ lọ wo bàbá wa ni, wọ́n ti wá gbé wọn wá síbí. Mo ti fagi lé e láti ọjọ́ Ajé, ẹ ní ẹ ti gbọ́. Láàárọ̀ yìí, ọsibítù ní kò sówó nínú káàdì mi, àwọn ò sì ní ṣiṣẹ́ abẹ.'"

"Bàbá wọn tún ti dé," akọ̀wé owó sọ, ó ń nu omijé ẹ̀rín.

"'Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Mo ti pe Ọ̀rẹ́-Bàbá títí, kò gbé e.'"

Fagilé tún ìlà yẹn wò. Inú ilé wọn nìkan ni wọ́n ti ń pe èèyàn bẹ́ẹ̀, òun gan-an sì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

"Ta ni Ọ̀rẹ́-Bàbá nínú yín?" akọ̀wé owó bèèrè. Ẹ̀rín tún sọ.

Fagilé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àṣẹ ìfagilé ránṣẹ́ sí báńkì. Èsì dé wàrà: ẹ ti kó owó yìí, kò ṣeé fagi lé mọ́. Ọ̀bẹ gé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sọ ọ̀bẹ nù. Ọ̀bẹ ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Ọ̀gá ti dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú tíì lọ́wọ́. "Ṣé ó ti parí ni? Ka ìyókù."

Ì bá ti sọ pé bàbá òun ni. Kò sọ ọ́. Ojo ni, ó sì nífẹ̀ẹ́ owó oṣù rẹ̀. Ó dìde, ó tún gbé ohùn arúgbó yẹn wọ̀.

"'Bàbá ní kí n má yọ yín lẹ́nu. Wọ́n ní níwọ̀n bí Ọ̀rẹ́-Bàbá bá ti wà níbẹ̀, owó àwọn ò lè sọnù.'"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Fóònù kan ń gbọ̀n nínú apẹ̀rẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó dákẹ́.