Àpótí Tí Mo Fi Okùn Ká Mọ́

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá ni, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nínú pálọ̀ wa ní ẹ́sítéètì Ìbà. Òjò ti dá. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà níjókòó: aládùúgbò mẹ́sàn-án àti ẹlẹgbẹ́ mi méjì láti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni. Mo pè wọ́n wá wo àwọn iṣẹ́ ọnà ilé wa, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wàásù pé àárín ìkòkò àti ibùsùn ni iṣẹ́ ọnà ń gbé, kì í ṣe ẹ̀yìn dígí. Kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn, mo tú okùn tí ìyàwó mi ń sá aṣọ sí, mo fi ká a mọ́.

Àpótí ìjókòó kan ni. Mo rà á lọ́wọ́ káfíńtà kan ní Okokomáíkò, ẹni tó ní inú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó ní Ọ̀jọ́ ni òun ti rí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú bí èédú, èkejì pupa. Ilà mẹ́ta tí a fi ọ̀bẹ fà wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ojú ewé méjìlélógún lé e lórí. Mo ní ẹ̀gbẹ́ dúdú dúró fún òru, ẹ̀gbẹ́ pupa fún ọ̀sán; ilà mẹ́ta náà sì ni ọ̀run, ilẹ̀ àti omi. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni àwọn olóòtú ìwé kan ń retí rẹ̀. Àkékúrú rẹ̀ wà lórí káàdì tí mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tún káàdì náà kọ. Lẹ́ẹ̀kẹfà ni mo fi "láìsí àní-àní" kún un.

Mo ń kà á sókè lọ́wọ́ nígbà tí ìyá aládùúgbò wa wọlé. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Wọ́n wo àga onírọ́bà tí a fi lọ̀ wọ́n, wọ́n mi orí. Wọ́n fọwọ́ rọ okùn mi sílẹ̀, wọ́n sọdá, wọ́n sì jókòó sórí òru àti ọ̀sán.

Mo la ẹnu.

"Dádì, ṣé ẹ fẹ́ sọ nǹkan ni?" Ìyàwó mi ni, àwo ẹ̀pà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá."

"Máa kà á lọ, tíṣà," ni màmá wí. "Mò ń gbọ́."

Mo kà á parí. Wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ dúdú náà.

"Ta ló sọ fún ọ pé òru ni èyí?"

"Ìwádìí ni, mà."

"Ìwádìí. O ò bi ẹnì kankan?"

Mo ní mo bi káfíńtà.

"Iná ni. Àpótí ìdí ààrò ẹja nìyí, irú rẹ̀ ni ìyá mi lò títí wọ́n fi kú. Ibi kan náà lèèyàn ń gbé e sí, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń kọjú sí iná lójoojúmọ́. Àbí ká máa yí i bí ẹni yí ẹja?" Wọ́n bu ẹ̀pà. "Fi imú sí i."

Wọ́n yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo fi imú sí i. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wọn àpótí náà ní ìbú àti òró, n kò gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n òórùn ẹja yíyan ni.

"Ó jọ pé òru ti di ẹja," ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wí.

Ó ku ògiri kan tí mo lè fẹ̀yìn tì. "Ilà mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́, mà?"

Wọ́n dìde, wọ́n ní kí n yí i. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ìyẹn, n ò mọ̀."

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé..."

"Tíṣà. Mo ní n ò mọ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, mo kọ̀wé sí àwọn olóòtú pé iṣẹ́ náà kò tíì jinná. Okùn ti padà sí ẹ̀yìnkùlé, àpótí ti di ìjókòó màmá nígbàkúùgbà tí wọ́n bá yà. Mo padà lọ bá káfíńtà. Kò rántí ilé wo ni mọ́. A kò mọ ẹni tó gbẹ́ àpótí náà, a kò mọ ẹni tó jókòó lé e lórí nídìí iná, a kò sì mọ ohun tí ilà mẹ́ta náà wà fún.