Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Ìyá Eléèédú Ń Gé Sínú Omi Ọsàn

Àṣìṣe rẹ̀ kò ju pé ó bó gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì gé wọn tán, kí ó tó dìde lọ fún ọsàn. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sá èso gbẹ yìí, inú omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, kí ó má baà dúdú. Nígbà tí ó fi gbé omi náà dé, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àtẹ rẹ̀ gbẹ, ó dúdú bí èédú. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyá Eléèédú nìyẹn.

Àwọn kan ní oòrùn ló ba tirẹ̀ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń mú kí ibi tí ọ̀bẹ kàn dúdú. Ọsàn lè dá a dúró, kò lè sọ dúdú di funfun padà.

Ọ̀gá, obìnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí, pè é sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Màmá, ẹ má bínú. Bí àtẹ mìíràn bá tún dúdú, ilé yá nìyẹn.”

“Mo gbọ́, Ọ̀gá.”

Opó ni. Orúnkún rẹ̀ kò gba ẹrù rírù mọ́, kò sì fẹ́ lọ jókòó ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ kí wọ́n máa bu oúnjẹ fún un. Iṣẹ́ àjókòóṣe yìí nìkan ló kù.

Ó wo ọwọ́ àwọn yòókù. Wọ́n lè gé agbọ̀n kan tán kí afẹ́fẹ́ tó rí i bá jà. Ìka ò dọ́gba. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ́kọ́ fún ọsàn, ó gbé abọ́ omi sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀ tààrà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọbìnrin tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, ṣé ọmọ lẹ ń wẹ̀ ni?”

“Òun ni. Tó bá gbẹ tán, ìwọ lo máa pọ̀n ọ́n.”

Àmọ́ abọ́ náà tóbi jù. Kí ó tó kún, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ti rọ̀. Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó wá abọ́ kékeré: bó bá ti kún, á kó o jáde, á tẹ́ ẹ sórí àtẹ, á tún bẹ̀rẹ̀. Àtẹ kan ṣoṣo ló rí tẹ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ó gbẹ, Ọ̀gá gbé e lọ sójú fèrèsé. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ó jẹ ọ̀kan.

“Ó kan díẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà lẹ ò fẹ́ dúdú, Ọ̀gá.”

“Ẹ mà lọ́ra o, Màmá.” Ó mú òmíràn. “Ẹ máa bọ̀ lọ́la.”

Láti ìgbà náà, èso tí wọn yóò dì sínú ike tó mọ́ gaara, tí oníbàárà lè rí láti òde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kó lọ sẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó bá wọn lọ. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì ń gbé yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ náà.